Ọmọ Tí Wọ́n Fi Ẹnu Lásán Fún Òyìnbó Aláwòrán

Nígbà tí òyìnbó obìnrin náà dé Ẹdẹ, kò pẹ́ tí gbogbo wa fi mọ̀ pé kì í ṣe míṣọ́nnárì. Kò gbé Bíbélì lọ́wọ́, kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó ti ṣe ìrìbọmi, kò sì sí ìgbà kan tó sọ fún ìyá ọmọ pé bó ṣe ń wẹ ọmọ rẹ̀ kò dára. Ó háyà yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lọ́nà Sẹ́kọ̀nà, ó gbé tábìlì sí bàrándà, ó sì ń ya àwòrán níbẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi mú. Ará Jámánì ni. Ìwé àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ fún àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ya àwòrán tó wà nínú wọn. Òyìnbó Aláwòrán ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é.

Tíṣà ni mí nígbà náà. Kíláàsì àwọn tó ń kọ́ ABD ni wọ́n fún mi nílé ìwé ìjọ wa. Nígbà tí mo gbọ́ pé àgbàlagbà kan fi gbogbo ayé rẹ̀ ń kọ ìtàn fún ọmọ tí kò tíì lè nu imú ara rẹ̀, ẹ̀rín pa mí. Mo ní ẹni tí ebi kò pa ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ojú ara mi rí bó ṣe ń ṣe é, mo panu mọ́. Á kó àwọn ọmọ jọ, òun náà á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín wọn, á máa fi àwòrán hàn wọ́n, á sì máa sọ ìtàn náà. Bí ọmọ kan bá yán, tàbí tó bá yíjú wo ewúrẹ́ tó ń kọjá, á fa ojú ìwé yẹn ya, á tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Àwa tíṣà, bí ọmọ bá yán, ọmọ la máa ń nà.

Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ yìí náà ló ti kọ́ Yorùbá, kò sì gbọ́ ju tiwọn lọ. "Ìwọ" ni ó ń pe gbogbo ènìyàn, àtàgbà àtọmọdé. Bàbá ọkọ mi, àgbà mùsùlùmí tí gbogbo agboolé ń dọ̀bálẹ̀ fún, á jókòó sórí awọ àgbò wọn lẹ́nu ọ̀nà, òyìnbó á dé, á ní, "Báwo ni? Ṣé o ti jẹun?" Ìgbà àkọ́kọ́ tó sọ ọ́, tẹ̀sùbáà bọ́ lọ́wọ́ Bàbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Mo ti jẹun, ìyá mi. Ẹ̀yin ńkọ́?" Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́. Bí kò bá wá kí wọn fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á ní kí n lọ wò ó bóyá ara rẹ̀ kò yá.

Ọkọ mi kò sí nílé. Kùmásì ló wà, bíi ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin Ẹdẹ ìgbà náà tó bá òwò lọ síbẹ̀, nítorí náà Bàbá ló ni ọ̀rọ̀ sọ lórí èmi àti ọmọ mi. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní. Mo ti sin méjì ṣáájú rẹ̀, àwọn àgbà agboolé sì ti ń fi ọgbọ́n bi mí léèrè ohun tí mo ń rí lójú àlá. Nígbà tí èyí wá dúró, tó rìn, tó sọ̀rọ̀, tó ń bá mi jà lórí oúnjẹ, n kì í jẹ́ kí ó kúrò lójú mi. Ọ̀dọ̀ Òyìnbó Aláwòrán nìkan ni mo máa ń jẹ́ kó lọ tí ilé ìwé bá parí. Eyín rẹ̀ iwájú lókè ti ká, òyìnbó sì fẹ́ràn àlàfo eyín náà púpọ̀. Ó máa ń sọ pé tí ọmọ yìí bá gbọ́ ìtàn òun dópin tí kò yíjú, ìtàn náà ti dára nìyẹn, òun lè fi ránṣẹ́ sílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lọ mú ọmọ mi, mo rí i pé òyìnbó ń ya àwòrán ọmọbìnrin kan tí kì í ṣe ọmọ àdúgbò wa, tí irun rẹ̀ sì gùn. Mo bi í pé ta ni. Ó fi Yorùbá ọmọdé tó ní dá mi lóhùn. Ó ní, "Ọmọ mi ni. Ogun dé. Iná já bọ́ láti òkè. Ó ti lọ." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì gbójú sókè. Mo jókòó tì í, mo sunkún, torí èmi náà mọ ohun tó ń sọ. Ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ń sọ èyí kí ẹ má baà rò pé mo kórìíra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìkórìíra ì bá rọrùn fún mi.

Ọdún iléyá ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́ sílẹ̀. Òyìnbó wá kí Bàbá kú ọdún, ó jókòó láàárín wa, ó ń jẹ ẹran, ọmọ mi sì wà lórí itan rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ yìí dára. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an."

Bàbá ní, "Ọmọ yín ni. Tí ẹ bá ń lọ sílé, ẹ máa mú un lọ."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi gan-an rẹ́rìn-ín. Ta ni kò sọ bẹ́ẹ̀ rí ní ilẹ̀ Yorùbá? Bí àlejò bá yin ẹ̀wù ọrùn rẹ, wàá ní tirẹ̀ ni, n kò sì tíì rí àlejò tó bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn ẹni tó gbà á lálejò. Ṣùgbọ́n òyìnbó kò rẹ́rìn-ín. Ó wo Bàbá lójú, ó ní, "Lóòótọ́?"

Bàbá ní, "Ṣé mo máa wá parọ́ fún yín lọ́jọ́ ọdún ni?"

Ó gbé ọmọ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì níwájú Bàbá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Inú agboolé dùn. Wọ́n ní òyìnbó ti kọ́ ẹ̀kọ́ ilé wàyí o, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Wọ́n tún bu ẹran fún un.

Oṣù mélòó kan kọjá. Ìwé tó wá kọ ní Ẹdẹ ti parí, ó ní òun ń lọ sílé. Ní ọjọ́ tó wá sọ fún Bàbá, ó gbé bàtà funfun kékeré kan àti kóòtù olówùú tó nípọn wá, ó wọ̀ wọ́n fún ọmọ mi lójú gbogbo wa, ó ní òtútù wà níbi tí àwọn ń lọ. Ó ti lọ rí àwọn aláṣẹ ní Ìbàdàn. Bàbá nìkan ló kù tí yóò tẹ ìka sí ìwé. Ojú Bàbá yí padà. Mo rí i kedere pé wọn ò mọ ibi tí wọn yóò gbé ojú sí.

Nígbà tó lọ tán, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ẹ ní ẹ̀ ń bá a ṣeré ni."

Wọ́n ní, "Kí n sọ fún un pé mo parọ́ lọ́jọ́ iléyá? Èmi?"

Mo ní, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ parọ́, Bàbá. Òun ni kò gbọ́ ọ."

Wọ́n ní, "Ó gbọ́ ọ. Ohun tí mo sọ gan-an ló gbọ́. Ogun ti pa tiẹ̀. Ṣé kí n wá na ọwọ́ gba èyí tí mo fún un? Dìde, ọmọ mi. Bí ẹni fi ọmọ fún ẹni tọ́ ni. Ó ń bọ̀ wá bá ọ."

Ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ nìyẹn. Ta ni kò fi ọmọ fún ẹni tọ́ ní Ẹdẹ? Wọ́n ń fún ìyàwó pásítọ̀, wọ́n ń fún ẹ̀gbọ́n tó wà ní Èkó, ọmọ náà á sì wálé lọ́dún, á ti sanra, á ti mọ òyìnbó sọ. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ní orí ọmọ mi ṣe é. Ọkọ mi ránṣẹ́ láti Kùmásì pé inú òun dùn, ọmọ òun á di dókítà. Mo lọ bá pásítọ̀ wa, wọ́n ní kí a gbàdúrà, a sì gbà á, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ọpẹ́ ni wọ́n ń dá. Nínú gbogbo ìlú, èmi nìkan ni ọmọ ń kú fún, nígbà tí àwọn yòókù ń kí mi kú oríire.

Mo bá gbéra, mo lọ sọ́dọ̀ òyìnbó fúnra mi. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi bá a sọ̀rọ̀, kí ó má baà sí àṣìgbọ́. Mo ní ọmọ náà nìkan ni mo ní. Mo ní mo ti sin méjì. Ó fà mí mọ́ra. Ó ní, "Mo mọ̀. Mo mọ̀. Màá tọ́jú ẹ̀ ju ojú mi lọ. O ṣeun. O ṣeun." Ó rò pé mo wá fi ọmọ lé òun lọ́wọ́ ni. Mo fẹ́ sọ pé mi ò fún un, àní mi ò fún un, ṣùgbọ́n báwo ni ìyàwó ilé yóò ṣe dúró níta, kí ó sọ fún àlejò pé ọ̀rọ̀ bàbá ọkọ òun kì í ṣe ọ̀rọ̀? Wọ́n kò kọ́ mi ní ẹnu tí mo lè fi sọ ọ́. Mo padà sílé lọ́jọ́ yẹn bí ẹni tí wọ́n lù.

Ní ìdíkọ̀ rélùwéè Ẹdẹ, ọmọ mi kò sunkún. Inú rẹ̀ dùn sí bàtà, inú rẹ̀ dùn sí ọkọ̀. Ó yọ orí lójú fèrèsé, ó ní, "Ìyá mi, ẹ bu ẹ̀wà tèmi sílẹ̀ o. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́." Mo ní mo gbọ́. Ọkọ̀ fọn, ó sì lọ. Nígbà tí mo délé, mo bu ẹ̀wà náà sílẹ̀. Ó kan, mo dà á nù.

Ìwé ìtàn àkọ́kọ́ dé lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan. Èmi tí mo mọ̀wé tí wọ́n ń pè mí ní tíṣà, n kò lè ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, nítorí Jámánì ni. Ṣùgbọ́n ta ni kì í mọ ọmọ rẹ̀? Òun ló wà lẹ́yìn ìwé, òun ló wà ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó ń rìn létí odò Ọ̀ṣun, ó ń gun ìbákasíẹ tí kò sí ní Ẹdẹ, ó ń wo yìnyín. Òyìnbó ya Bàbá síbẹ̀ pẹ̀lú awọ àgbò wọn. Ó ya ewúrẹ́. Mo ṣí ìwé náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, mo tún ṣí i láti ẹ̀yìn dé iwájú, mo ń wá ara mi. N kò sí níbẹ̀. Nínú ìtàn òyìnbó, kò sí ìyá.

Lọ́dọọdún ni òmíràn ń dé. Ìwé ọmọ mi ń tà lọ́hùn-ún, gbogbo ọmọ Jámánì ló mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni òyìnbó ṣe kọ ọ́ sí mi ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo kọ̀wé sí i pé ó tó kí ọmọ wá kí wa. Ó fèsì pé ilé ìwé kò gbà á, pé ó ń ṣe dáadáa, pé òun kò mọ ènìyàn tó lawọ́ tó àwa ará Ẹdẹ ní gbogbo ayé. Inú bí mi débi tí mo fi gé etí lẹ́tà náà jẹ. Nígbà tí ìwé kẹta dé, mo rí ohun kan tó já mi láyà: àlàfo eyín yẹn wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ mi kò dàgbà nínú ìwé. Bó ṣe rí lórí itan rẹ̀ lọ́jọ́ iléyá ló ṣe ń yà á. Èmi tí mo bí i, n kò mọ bó ṣe ga tó. Bí ó bá kọjá níwájú mi lọ́jà, mo lè ní kí ó yà lọ́nà.

Mo kọ̀wé sí òyìnbó pé kí ó jọ̀ọ́, kí ó fi òwú wọn ọmọ náà láti àtàrí dé gìgísẹ̀, kí ó fi òwú náà ránṣẹ́. Ó ṣe é. Kò wọ̀n ọ́n kù. Ní ọjọ́ tí òwú náà dé, mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi, mo tẹ orí òwú mọ́ ògiri, mo jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, ó sì dé igbá àyà mi. Mo fara ti ògiri náà, mo gbé ọwọ́ yí i ká, mo ń sọ̀rọ̀ fún ògiri. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé bá mi, wọn ì bá gbé mi lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn.

Lọ́jọ́ òmìnira, a kó àwọn ọmọ ilé ìwé jáde, a fún wọn ní àsíá kéékèèké. Èmi ni mò ń darí orin. Gbogbo ìyá tó dúró létí títì ló ń na ọrùn wá ọmọ tirẹ̀ nínú ìlà. Èmi ń darí orin.

Bàbá náà kò gbádùn mọ́. Wọn kì í wò mí lójú. Nígbà tí ìwé bá dé, wọ́n á ní kí n gbé e wá, wọ́n á wo àwòrán ara wọn nínú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Ẹnu yìí. Ẹnu mi yìí." Mo fẹ́ sọ pé ó tì o, Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, bí ìyàwó ilé gidi ṣe máa ń sọ. N kò sọ ọ́. Mo gba ìwé lọ́wọ́ wọn, mo sì kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ̀wé pé òyìnbó ti kú. Àyà ló ń dùn ún, kò sì sọ fún wa. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló kọ̀wé náà, ó ní òun kò ní àyè ọmọ nílé òun, àwọn míṣọ́nnárì kan tó ń bọ̀ níhà ọ̀dọ̀ wa yóò mú un wá. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bẹ́ẹ̀ ni, ọpẹ́ ni mo dá. Ọdún mélòó ni mo ti fi ń gbààwẹ̀ nítorí ọjọ́ yìí?

Ọmọ tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rélùwéè ga dé èjìká mi. Eyín rẹ̀ pé. Aṣọ dúdú ló wọ̀, ó ń ṣọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀ òyìnbó, ojú rẹ̀ wú. Ó na ọwọ́ sí mi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní "good morning". Yorùbá ti tán lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí a délé, agboolé dúró, wọn ò mọ kíkí tí wọn yóò kí. Àwọn kan ní, "Ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú oríire." Àwọn kan wo aṣọ dúdú náà, wọ́n ní, "Ẹ kú àfẹ́kù." Yorùbá tó ní kíkí fún ẹni tó ń gẹrun, fún ẹni tó jókòó, fún ẹni tó dìde, kò ní ọ̀kan fún èyí. Bàbá fi ọ̀pá wọn tẹ ilẹ̀ jáde, wọ́n sì di ọwọ́ ọmọ náà mú.

Kò jẹun. Bí mo bá sún mọ́ ọn, á sún kúrò. Á jókòó sórí àpótí rẹ̀, á máa sunkún, á máa pe, "Mutti, Mutti." Ìyàwó kékeré Bàbá sáré jáde, ó ní, "Ẹ gbà mí o! Ọmọ yìí ní òun fẹ́ mutí! Ọtí kẹ̀, nínú ilé mùsùlùmí?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ó sì pẹ́ tí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ti wọ ilé wa. Èmi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mo ti bi ọmọ náà ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti sọ fún mi. Bí àwọn ará Jámánì ṣe ń pe ìyá nìyẹn.

Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ibà gbé e dè. Ara rẹ̀ ti gbàgbé ẹ̀fọn ilẹ̀ wa. Nọ́ọ̀sì dìsípẹ́ńsárì fún un lábẹ́rẹ́, àwọn ìyá ilé se àgbo, ara rẹ̀ ṣì gbóná bí àdògán. Mo ti sin méjì. Mo mọ bí ojú ọmọ ṣe ń rí tó bá fẹ́ lọ, ojú náà ni mo ń wò lórí ẹní mi lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú ariwo àwọn ọmọ tó ń ṣeré níta. Mo ní Ọlọ́run, ṣé torí kí o lè gbà á lójú mi lo ṣe dá a padà? Mo sọ̀rọ̀ sí Ọlọ́run lọ́jọ́ yẹn bí n kò ṣe lè sọ ọ́ sí Bàbá.

Ó la ojú, kò sì rí mi. Ó na ọwọ́ sí òfuurufú, ó ní, "Mutti?" Mo pe orúkọ rẹ̀, orúkọ tí a sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ. Kò gbọ́. Ó ń wá ẹnì kan, ọwọ́ rẹ̀ ń rá pálá. Ó tún ní, "Mutti?" Ọwọ́ náà ti ń balẹ̀ lọ.

Mo bá dì í mú. Mo ní, "Èmi nìyí. Mutti nìyí."

Ó di ìka mi mú, ó sùn. Ibà náà fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó yè, ó jẹun, ó kọ́ Yorùbá padà díẹ̀díẹ̀, ó ń kúnlẹ̀ kí gbogbo ìyá ilé, ó sì ń pè wọ́n ní ìyá. Èmi nìkan ni kì í pè bẹ́ẹ̀. Mutti ló ń pè mí, nílé àti lọ́jà, níwájú ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀. Orúkọ obìnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi ni. Mo ń jẹ́ ẹ.